Ẹni Tó Ni Èérún Irin

Lọ́jọ́ fídàú Màmá, ìyá ìyá mi, ààfáà tó ṣe wàásù sọ pé onísùúrù ni wọ́n. Ó ní wọn kì í bá ènìyàn jà, ó ní ọ̀rọ̀ líle kò jáde lẹ́nu wọn rí. Sùnmọ́nù, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, wúkọ́ lẹ́yìn. Ìyá kan tó ń ta ata ní Mile 12, tí òun àti Màmá ti bá ara wọn jà títí àárẹ̀ fi mú àwọn méjèèjì, tẹrí ba, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ẹkún ni.

N kò dá ààfáà lẹ́bi. Kò mọ Màmá. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí Màmá, ló sọ ohun tí yóò sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ tí a lọ síbi ìsìnkú onílé wa àtijọ́, ọkùnrin kan tí òrùlé jò lé wa lórí nílé rẹ̀ títí tó fi kú. Wọ́n yìn ín, wọ́n ní aláàánú ni. Màmá fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n yíjú sí mi, wọn ò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àkànní, òkú ta la wá sin níbí?"

Nítorí náà, èyí tí mo mọ̀ ni n óò kọ.

Ọ̀rọ̀ èérún irin ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́. Iṣẹ́ tọ́nà ni mò ń ṣe ní Kétu, ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ìkòsì. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní léètì la fi ń ṣe é. Yóò máa yí irin po, a ó sì fi abẹ tó le ju irin lọ máa há a títí yóò fi rí bí a ṣe fẹ́. Ohun tí abẹ bá há kúrò, tó bá já bọ́, òun ni èérún. Lọ́jọ́ fídàú yẹn, èérún ti kún inú ẹ̀rọ mi dé ẹnu. Iṣẹ́ àwọn oníyìnyín Mile 12 wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, n kò sì lè tẹ̀ síwájú, torí èérún kò ríbi bọ́ sí mọ́. Sùnmọ́nù kò fọwọ́ kàn án. Èmi náà kò fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, yàtọ̀ sí àkókò kan tí n óò sọ, obìnrin kan ṣoṣo ló ni èérún ṣọ́ọ̀bù wa, òun náà la sì sin yìí. A ò mọ ẹni tó kàn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wá yóò ní kí ni ìṣòro níbẹ̀, kí a gbé ṣọ́bìrì. Kò mọ Màmá ni.

Abúlé kan lẹ́bàá Èrúwà ni wọ́n bí wọn sí. Níbẹ̀, bí tọkọtaya bá jọ fún epo pupa, ọkọ ló ni epo, ìyàwó ló ni èkùrọ́. Kódà bí ebi bá ń pa ọkọ, kò gbọdọ̀ ta èkùrọ́ láìjẹ́ pé ìyàwó yọ̀ǹda. Bàbá àgbà mi ti kọ́ṣẹ́ tọ́nà ní Èbúté Mẹ́ta kí wọ́n tó lọ fẹ́ Màmá wá sí Èkó. Ìtàn tí àwọn méjèèjì máa ń sọ, tí ẹnu wọn kì í sì í kò lé lórí, ni pé lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wo irin tó ń yí, wọ́n wo ohun tó ń já bọ́ nílẹ̀, wọ́n béèrè pé ta ló ni èyí tó ń bọ́. Bàbá ní kò sẹ́ni tó ni ín, pé pàǹtí ni, àwọn tó ń ra irin kóńdẹ̀ǹ ló máa wá kó o. Bàbá ní ẹ̀fẹ̀ ni òun ń ṣe nígbà tí òun ní kí ìyàwó òun máa mú un. Màmá ní kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀. Ibi tí ẹnu wọn ti kò ni gbólóhùn tí Màmá fi pa ọ̀rọ̀ náà dé: "Epo tiyín, èkùrọ́ tèmi."

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin kankan kò kó èérún ní ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Bí a bá gbá ilẹ̀, a óò gbá a dé ẹsẹ̀ àpótí Màmá, a óò sì dúró níbẹ̀.

Orí àpótí yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Bàtà wọn jẹ́ èyí tí wọ́n gé láti ara táyà mọ́tò. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Lọ́wọ́ òsì, wọ́n di òkúta mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ okùn, èyí tí wọ́n yọ láti inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sórí èérún, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ irin, èyí tí kò bá lẹ̀ jẹ́ idẹ. Irin sínú àpò kan, idẹ sínú àpò mìíràn. Àwọn tó ń ra kóńdẹ̀ǹ mọ̀ pé àwọn kò lè pe idẹ ní irin láti rẹ́ wọn jẹ.

Wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì náà ṣe nǹkan mìíràn. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ti òkè òkun dé lọ́dún kan, ó wọ ẹ̀gbà ọrùn ńlá, ó jókòó sáàárín wa, ó ń fọwọ́ kàn án bó ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ń wo wúrà. Màmá dìde bí ẹni fẹ́ bu omi, wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, wọ́n sọ okùn sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn fò, ó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi sáré wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gàníyù, wúrà rẹ ń kí mi."

Ọ̀tá wọn láyé ni èérún tó gùn. Bí abẹ bá bu irin jẹ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń rìn jẹ́jẹ́, èérún á máa jáde láìjá, á lọ́ bí irun, ooru á sọ ọ́ di búlúù, ẹnu rẹ̀ á mú bí abẹ ìfárí. Kò ṣeé kì bọ inú àpò. Bí o bá fà á, yóò fa òmíràn tẹ̀lé e, yóò sì mú ẹran ọwọ́ rẹ dání. Ọwọ́ Màmá kún fún àpá rẹ̀. Èyí tó kúrú, tó rí bí èékánná tí a gé, àpò kan lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Bàbá àgbà ní tiwọn fẹ́ràn èyí tó gùn. Láyé tiwọn, èérún tí kò já ni ẹ̀rí pé ọwọ́ tọ́nà kò gbọ̀n. Wọ́n gé ọ̀kan lọ́jọ́ kan tó gùn láti ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà, ó dán, ó rí bí ọ̀run ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fi kọ́ sára ìṣó lókè orí wọn, bí àwọn mìíràn ṣe ń fi ìwé ẹ̀rí kọ́. Bí oníbàárà bá wọlé, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ó di ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá lọ kírun. Màmá gun àpótí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi bàtà táyà tẹ̀ ẹ́ wómúwómú, wọ́n dà á sínú àpò. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n wo ìṣó náà títí. Wọ́n kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì, Màmá gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ní, "Bó bá dùn yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ gé òmíràn."

Bàbá gé òmíràn. Kò gùn tó ti àkọ́kọ́ láéláé.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Màmá ló fà á, wọn ò sì sẹ́. Ìyá mi kú ní kékeré mi, wọ́n mú mi sọ́dọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá mọ irin há kò ní fi ebi sùn. Mo ti bímọ kí n tó lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé ní Kétu. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn iṣẹ́, mo máa ń ka ìwé mi lórí bẹ́ǹṣì kí n tó lọ. Màmá á jókòó, wọn á máa wò mí bí ẹni ń wo irin tó ń yí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n ní, "Àkànní, ìwé tí ò ń há yìí, èérún rẹ̀ dà?"

Mo ní kò ní èérún. Wọ́n mi orí. Ó hàn pé àánú ìyàwó mi ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí Bàbá ti kú, tí ojú mi sì ti là díẹ̀ nínú ìwé, mo ra léètì àlòkù kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sí-ẹ́ǹ-sí. Èmi yóò kọ ohun tí yóò ṣe sínú rẹ̀, òun yóò ṣe é. Ó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì. Omi funfun bíi wàrà máa ń tú sára irin nínú rẹ̀ kí ó má baà gbóná jù, èérún á sì máa já bọ́ sínú àwo kan nísàlẹ̀. Màmá rìn yí ẹ̀rọ náà po. Wọn ò béèrè iṣẹ́ tó lè ṣe. Wọ́n wo ilẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan tó bọ́. Wọ́n wo inú gíláàsì. Wọ́n ní, "O fi èérún mi sẹ́wọ̀n."

Wọ́n tún ní ó tutù. Òótọ́ ni, omi funfun yẹn ń ro tótó lára rẹ̀, àwọn tó ń ra kóńdẹ̀ǹ kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i títí ọkùnrin kan fi gbé jíìpù dé láti Magodo, tó gbé ọ̀pá ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá fún mi. Mo gbọ́ tí táyà ń sín. Nígbà tí mo jáde, Màmá ti tẹ́ àpò sójú títì níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n da èérún lé e, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí àwọn ará ilé wọn ṣe ń sá èkùrọ́. Táyà jíìpù méjèèjì tó wà níwájú wà lórí rẹ̀.

Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló da irin sójú títì?"

"Èmi ni. Mi ò dà á, mo sá a ni."

"Ẹ sá irin?"

"Ó tutù."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ ti ba táyà mi jẹ́ báyìí, kí la máa ṣe sí i?"

Màmá ti ń fi ẹ̀mú ṣa èérún jọ níbi tí táyà ti tú u ká. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ká ní ẹ̀lùbọ́ ni mo sá, ṣé wàá gun orí ẹ̀?"

Ìjà wa tó le jù ni ti iṣẹ́ oníyìnyín. Alhájì kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja ní Mile 12. Nǹkan kan tó rí bí ife irin, tó jìn, tí ìdí rẹ̀ dí, bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ wọn. Irin líle mẹ́ta ló kó wá, ó ní kí n fi ọ̀kan nínú wọn ṣe òmíràn, kí n gbẹ́ ihò rẹ̀ kí inú rẹ̀ dán bíi gíláàsì, nítorí ohun tí yóò máa lọ sókè sódò nínú ihò náà kò gbọdọ̀ rí ìlà kankan. Ó ní òun kò ní irú irin náà mọ́. Bí mo bá ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, ilé iṣẹ́ náà á dúró, òun á sì sọ fún gbogbo Mile 12 pé ọpọ́n ìfọṣọ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Bí a bá ń há ẹ̀yìn irin, èérún rí ọ̀nà lọ. Inú ihò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó gbé abẹ wọlé ti gba àyè, omi fẹ́ wọlé, èérún fẹ́ jáde, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà. Mo rò pé ohun tó tọ́ ni kí abẹ máa rìn jẹ́jẹ́, kó máa bu díẹ̀díẹ̀ jẹ, kí ara ihò lè dán. Èérún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí òwú. Ó wé mọ́ ọ̀pá, ó dí ẹnu ihò, omi kò ráyè wọlé. Èyí tó kù nínú ihò ń bá ọ̀pá yí, ó ń ha ara ihò. Nígbà tí mo yọ irin àkọ́kọ́, inú rẹ̀ rí bí ara ẹni tí ológbò ha. Mo tún dín ìrìn abẹ kù. Èkejì burú jù ú lọ.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Màmá wà lórí àpótí pẹ̀lú àpò òfo. Bí mo bá fi ìkọ́ fa ìdì òwú irin jáde, tí mo jù ú sílẹ̀, wọn á wò ó.

"Àkànní, ṣé irin lò ń há ni, àbí ò ń dirun?"

Mo tún fi ìkọ́ fa ìdì mìíràn jáde.

"Kí a pe àwọn onídìrí wá kó o? Èmi ò lè kó o."

Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Há a kúrú fún mi."

"Màmá, bí mo bá há a kúrú, ara ihò á rí gbágungbàgun."

"Ihò jẹ́ tìẹ. Èérún ni mò ń bá ọ sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Irin kan ló kù."

"Irin kan ló kù fún ìwọ. Èmi, ọ̀kan ò tíì wọ àpò mi."

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n fi irun wé irin, wọ́n fi mí wé onídìrí, wọ́n ní bóyá kí wọ́n ra ìyarun fún mi. Nígbà tó sú mi, mo gbé ọ̀kan nínú irin méjèèjì tó ti bàjẹ́, mo dè é padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ní lọ́kàn mi pé n óò fún wọn ní èérún kúkúrú kí etí mi lè sinmi, kí n lè ráyè ronú. Mo yọ abẹ náà, mo fi òmíràn sí i, èyí tó ní kòtò kékeré lẹ́yìn ẹnu rẹ̀, tó máa ń ká èérún mọ́ra títí yóò fi ṣẹ́. Mo ní kí ó bu irin jẹ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó sì yára rìn. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ kò dún bí tẹ́lẹ̀. A gbọ́ tí nǹkan ń ta sára gíláàsì bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Èérún ń jáde ní kékeré, ó ká bíi nọ́ńbà mẹ́sàn-án, omi ń tì í jáde kúrò nínú ihò bó ti ń ṣẹ́. Kò sí èyí tó wé mọ́ ọ̀pá. Nígbà tó parí, mo nu inú ihò náà, mo tan iná sí i. Kò tíì dán bíi gíláàsì, ṣùgbọ́n ìlà kankan kò sí nínú rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe abẹ ló ń ha ihò mi látàárọ̀. Èérún ni.

Bí mo ṣe ṣe irin kẹta nìyẹn. Mo fi abẹ oníkòtò bu ún jẹ dáadáa títí ó fi ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ní kí ẹ̀rọ fa ọ̀pá jáde, kí ó dúró, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò títí kò fi ku èérún kan. Ẹ̀yìn náà ni mo wá jẹ́ kí ó lọ yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kù. Alhájì ti ìka bọ inú rẹ̀, ó yí i po, ó ní òun á tún kó irin mìíràn wá bí òun bá rí. Ó rí.

Mo lọ bá Màmá lórí àpótí. Àpò ti kún. Mo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yín ló tọ́. Bí mo ṣe há a kúrú ló jẹ́ kí ihò náà dára."

Wọ́n ń so ẹnu àpò. Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́ ní ti ihò?"

Àkókò tí mo ní n óò sọ náà rèé. Kí sí-ẹ́ǹ-sí tó dé ni. Ìyá Fọlákẹ́, ìyàwó mi, ń ṣàìsàn tí a mọ̀ pé kò ní lọ. Aṣọ ló ń tà tẹ́lẹ̀, ó ti kó o kúrò. Ó kọjú sí ògiri, kò fẹ́ rí ènìyàn. Àwọn tó wá kí i ń gbàdúrà fún un, bí wọ́n bá lọ, á tún kọjú sí ògiri.

Màmá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé àpò kalẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ẹ̀mú lé e, wọ́n gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e.

Wọ́n ní, "Dìde. Èérún rẹ wà nílẹ̀, àwọn ọkùnrin yìí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ìyàwó mi ní, "Màmá, èérún yín ni."

"Àná ni tèmi."

Wọ́n jáde. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun wá bàtà. Ó di ògiri mú dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àpótí, ó sì ń ṣa idẹ kúrò lára irin, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín. Ó wá lọ́jọ́ kejì. Ó ń wá títí ọjọ́ tí kò lè dìde mọ́. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òdìkejì, wọ́n ká ọwọ́ sí itan. N kò rí ohun tó ni wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí èérún bá ta dé ẹsẹ̀ wọn, wọn á fi bàtà tì í sọ́dọ̀ ìyàwó mi. Bí ojú wọn bá sì pẹ́ jù lára àpò, ìyàwó mi á ní, "Màmá, ẹ wo iwájú yín," wọn á sì wo iwájú wọn. Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi lóṣù wọ̀nyẹn ju bí mo ti gbọ́ ọ lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí a sin ín tán, a padà délé, Màmá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n tú àpò tó ṣà kẹ́yìn wò. Wọ́n da èérún idẹ sílẹ̀, wọ́n sọ mágínẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀, wọ́n fà á lọ fà á bọ̀. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rò pé wọ́n máa kí mi kú ọ̀fọ̀. Wọ́n ní, "Ó ṣà á dáadáa. Irin kankan ò ṣìnà wọbẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàwó fún mi. Mo ní n kò fẹ́. Wọ́n ní ta ló bi mí. Wọ́n mú obìnrin kan tó ń rán aṣọ ilé ìwé wá wo ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò fi mí hàn án, èérún ni wọ́n fi hàn án, wọ́n gbé ẹ̀mú fún un kó dì í mú. Obìnrin náà dì í mú díẹ̀, ó dá a padà, ó ní òun fi nǹkan sórí iná nílé. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í ṣe nítorí tìẹ. Nítorí èérún ni."

Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ ìkẹyìn, mo wọlé lọ sọ fún wọn pé àwo ẹ̀rọ ti fẹ́ kún, pé ṣé kí Sùnmọ́nù kó o. Wọ́n ní, "Ẹ má kó o. Mò ń bọ̀." Wọ́n kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù sọ fún ààfáà pé kálímà ló gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kà á sínú. Ẹni tó jókòó tì wọ́n sọ fún mi pé èyí tí òun gbọ́ ni, "Ẹ̀kọ yìí ti tutù."

Nígbà tí fídàú parí, ẹbí pín ẹrù. Wọ́n pín ìró, wọ́n pín bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jà díẹ̀ lórí abọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èérún. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, nítorí Alhájì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àǹtí mi ní a ti mọ ojútùú rẹ̀ tipẹ́, kí n lọ fẹ́yàwó. Ọ̀kan ti ní ẹnìkan lọ́kàn ní Ṣàngíṣà. N kò fẹ́ kí obìnrin kankan jókòó sórí àpótí yẹn nítorí pé èmi gbé e síbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ní, "Ọ̀rọ̀ rírùn lẹ ń sọ. Sùnmọ́nù, gbé ṣọ́bìrì, kó o dà nù."

Sùnmọ́nù ní, "Ọ̀gá, ẹ wá kó o fúnra yín. Èmi ṣì fẹ́ bímọ."

Fọlákẹ́, ọmọ mi, wà lápá kan. Ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́, Magodo ló ń gbé, bàtà gíga ló sì wọ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá máa ń pè é ní ìyàwó onígéètì. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà tí Màmá gbé e fún Mummy, kí ni wọ́n sọ gan-an?"

Mo ní, "Wọ́n ní, 'Àná ni tèmi.'"

"Nígbà tí Mummy kú, ṣé wọ́n sọ pé àwọn gbà á padà?"

Mo ronú. Mo rántí àpótí, mo rántí mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà lọ fà bọ̀. Mo ní, "Rárá. Wọ́n jókòó ni."

"Wọ́n ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ni nìyẹn."

Ìyá aláta náà ló kọ́kọ́ wúre fún un, ó ní bó ṣe rí nìyẹn nílé tiwọn náà, pé ohun ìyá, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹ̀gbà kò sí mọ́.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Fọlákẹ́ bọ́ bàtà gíga. Ó wọ bàtà táyà Màmá, ó tóbi fún un. Ó ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì, ó ki ẹ̀mú bọ inú àwo. Èyí tó kọ́kọ́ jáde gùn, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò tán. Abẹ mi ti kú tipẹ́, ẹnu rẹ̀ ti jẹ, kò lè ṣẹ́ èérún mọ́. Láti ìgbà tí Màmá ti dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bú mi, n kò sì yí i padà.

Ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Daddy, kí lèyí?"

"Èérún ni."

"Ó gùn."

Ó kó àwo náà títí ó fi ṣófo. Mo yọ abẹ tó kú, mo fi tuntun sí i, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dúró lẹ́yìn mi títí èérún àkọ́kọ́ fi já bọ́, ó kúrú. Ó fi ẹ̀mú mú un, ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́yìn, ó jù ú sínú àpò. Kò yìn mí.